Orí Keje: Ojú Ìdarí Tí A Lè Yàn, àti Bí A Ṣe Ń Gbé E Sórí Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá wọ Ṣómólú ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ ibi tó dé fún un. Àdúgbò àwọn atẹ̀wé ni, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Èkó sì ṣe mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹ̀rọ Heidelberg tí wọ́n kó wọlé ní tòkunbọ̀, Kord, GTO àti Speedmaster, ni wọ́n fi ń tẹ káléńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú àti páálí ọjà. Bí ẹ bá wá kọjá sí Bàrígà, ẹ óò bá irú ẹ̀rọ mìíràn pàdé láàárín wọn: léésà tó ń gé pásípẹ́ẹ̀sì, àti router CNC tó ń gbẹ́ MDF fún àwọn tó ń ṣe pátákó orúkọ ilé iṣẹ́.

Kọ̀ǹpútà ló ń darí irú ẹ̀rọ kejì yìí. Ní Orí Kẹfà, a ti rí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi iná ránṣẹ́ sí mọ́tò tí mọ́tò sì ń fi ìṣísẹ̀ kéékèèké yí. Ohun tó kù láti yẹ̀ wò ni ohun tó wà láàárín òṣìṣẹ́ àti ìdarí yẹn: ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lórí skirínì, àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀. A ó máa pè é ní ojú ìdarí.

Lára Kord, irin ni ojú ìdarí: ọwọ́ tí a ń fà, skúrù tí a ń yí, àti etí ọ̀gá atẹ̀wé tó mọ ìgbà tí ìró ẹ̀rọ ti yí padà. Lára Speedmaster tó ní tábìlì CPC, bọ́tìnì ni a fi ń dín yíǹkì kù tàbí kí a fi kún un láì dé ìdí ẹ̀rọ. Ibi kan ni méjèèjì ti jọra. Ojú tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ bá fún un ni ẹni tó rà á yóò máa wò títí ẹ̀rọ yóò fi di àlòpatì.

Ètò ìdarí tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba kò rí bẹ́ẹ̀. LinuxCNC, tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀ orí yìí, ní ojú ìdarí bíi mélòó kan fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo, a sì lè pààrọ̀ wọn láì tú bóòtì kan lára ẹ̀rọ. Síbẹ̀, ojú tí ènìyàn bá kọ́kọ́ pàdé ló sábà máa ń lò lọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ju ìyókù lọ. Ìyókù ló há sẹ́nu ọ̀nà nígbà tó fẹ́ gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà. Èrò tí orí yìí dúró lé ni pé ohun tí a ní kí ènìyàn yàn, tó bá jẹ́ pé ògbóǹtarìgì kọ̀ǹpútà nìkan ló lè gbé e wọlé, a kò tíì fún un láǹfààní àtiyàn rárá.

7.1 Ibi tí LinuxCNC ti wá

Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òṣùwọ̀n, NIST, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, EMC sì ni wọ́n pè é nígbà náà. Nítorí pé òṣìṣẹ́ ìjọba ló kọ ọ́, kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀tọ́ oníǹkan dí i mọ́ àwọn ará ìta lọ́wọ́. Àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni gbà á, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sọ ọ́ di EMC2. Ní 2011, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí LinuxCNC, nítorí ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ta ẹ̀rọ ìpamọ́ dátà ti ń jẹ́ EMC, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn máa jẹ́ orúkọ náà.

Oṣù kẹfà ọdún 2023 ló ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ tiwa. Oṣù yẹn ni Debian 12, ẹ̀yà ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà Linux kan, jáde, òun sì ni Debian àkọ́kọ́ tí LinuxCNC wà nínú rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ ní láti lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì wa odidi àwòrán ètò kọ̀ǹpútà (image) tí àwọn olùkọ̀wé LinuxCNC fúnra wọn tò, tàbí kí ẹ fi orísun package (ìdì ètò) tiwọn kún ti Debian, tàbí kí ẹ wa kóòdù rẹ̀ kí ẹ sì sè é (compile) fúnra yín. Lónìí, ìlà kan ni:

sudo apt install linuxcnc-uspace

Ìlà yẹn á gbé ètò náà wá pẹ̀lú ojú ìdarí rẹ̀ tí a mọ̀ jù, AXIS. Ojú ìdarí yòókù ni wàhálà kù sí.

7.2 Ìdí tí ojú fi ṣeé pààrọ̀

Ìwé àlàyé LinuxCNC pín iṣẹ́ rẹ̀ sí apá mẹ́rin. Apá kan ń darí mọ́tò. Nínú ọ̀pọ̀ ìtò, ẹ̀ẹ̀kan ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ló ń ṣe ìṣirò ibi tí irin ìgbẹ́ yẹ kó wà, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Apá kejì ń tan omi ìtutù, ó ń pa á, ó sì ń bójú tó àwọn ohun bẹ́ẹ̀ tí kò ju títàn àti pípa lọ. Apá kẹta ń ka G-code, èdè tí a fi ń kọ iṣẹ́ fún ẹ̀rọ, ó ń pín iṣẹ́ fún méjì àkọ́kọ́. Ojú ìdarí ni apá kẹrin. Òun àti apá kẹta ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn gba ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní NML, kò sì sí ohun mìíràn tó so wọ́n pọ̀. Ojú ìdarí èyíkéyìí tó bá lè sọ èdè NML lè bá ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́.

Kọ́ńdọ́kítọ̀ danfo ni ojú ìdarí. Òun ló ń pe orúkọ ibùdókọ̀, òun ló ń ké "Ó wà o!" sí dírẹ́bà, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sí lórí sítíárì. A lè yí kọ́ńdọ́kítọ̀ padà láàárọ̀ kí ọkọ̀ má sì mọ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo wà, òun ni kí akẹ́kọ̀ọ́ sì fi sọ́kàn jù: lórí LinuxCNC, bí kọ́ńdọ́kítọ̀ bá bọ́ọ́lẹ̀, ọkọ̀ á kú. Ètò kékeré tó ń gbé LinuxCNC dìde máa ń jí àwọn apá yòókù ṣáájú, á ṣí ojú ìdarí gbẹ̀yìn, á sì dúró tì í. Gbàrà tí ojú ìdarí bá ti pa, yálà òṣìṣẹ́ ló pa á tàbí àṣìṣe ló pa á, ètò yẹn á pa gbogbo ìyókù. Ìdí nìyí tí ojú ìdarí tí kò bá lè ṣí fi ń ba odidi iṣẹ́ jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́tò, wáyà àti káàdì kò ní àbùkù kankan.

Inú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .ini ni a ti ń sọ ojú tí a fẹ́. Fún AXIS:

[DISPLAY]
DISPLAY = axis

Bí a bá fẹ́ Gmoccapy, a ó kọ gmoccapy síbẹ̀. Bí a bá fẹ́ QtDragon, a ó kọ qtvcp qtdragon. Ẹ má ṣe gbà pé ìlà yẹn nìkan ló ń yí padà, sá o. Ojú kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń bèèrè ìpààrọ̀ irin ìgbẹ́, fáìlì tí a dárúkọ lẹ́yìn POSTGUI_HALFILE, tí a máa ń kà lẹ́yìn tí ojú bá ti ṣí, sì lè má bá ojú tuntun mu. Ẹ ṣe ẹ̀dà odidi fódà náà nínú ~/linuxcnc/configs kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Inú ilé tiyín ni fódà yẹn wà, apt, ètò tí Debian fi ń gbé package wọlé, kì í dé ibẹ̀. Ẹ̀dà tí ẹ bá ṣe yóò wà bẹ́ẹ̀.

7.3 Àwọn ojú tó wà

AXIS ló dàgbà jù nínú àwọn tí à ń lò jù: Python àti Tkinter ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ń ya àwòrán ipa ọ̀nà irin ìgbẹ́ sójú skirínì, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì ló sì mọ̀. Ẹni tí lẹ́búlẹ́bú MDF ti bo kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ yóò mọ ìdí tí àwọn mìíràn fi yọjú. Touchy wà fún skirínì tí a ń fọwọ́ tẹ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi bíbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sílẹ̀ fún bọ́tìnì gidi tí a so mọ́ ara ẹ̀rọ, kí ìka tó ṣèèṣì kan skirínì má baà gbé irin ìgbẹ́ lọ. Gmoccapy náà fẹ́ràn ìfọwọ́tẹ̀, ṣùgbọ́n kò le tó Touchy. QtDragon wà fún router àti ẹ̀rọ ìgbẹ́rin, QtPlasmaC fún àwọn tó ń fi plasma gé irin pẹlẹbẹ. Orí QtVCP, ohun èlò tí a fi ń kọ ojú ìdarí fún LinuxCNC, ni méjèèjì dúró sí. Probe Basic, tí ojú rẹ̀ dùn ún wò jù lọ lójú tèmi, kò tilẹ̀ sí nínú LinuxCNC: àwọn mìíràn ló kọ ọ́, lórí QtPyVCP, ohun èlò mìíràn irú QtVCP, ibòmíràn sì ni a ti ń wá a.

7.4 Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń há

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ iṣẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù pátákó orúkọ ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀gá rẹ̀ ra Dell àlòkù kan ní Computer Village, Ìkẹjà, èyí tó ṣì ní parallel port oníhò 25 lẹ́yìn. Wọ́n gbé Debian 12 àti LinuxCNC sórí rẹ̀ pẹ̀lú dátà orí fóònù, kí dátà má sì baà tán, wọ́n fi --no-install-recommends kún àṣẹ náà. AXIS ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìgbà tó ṣe, skirínì ìfọwọ́tẹ̀ dé, ọmọ iṣẹ́ sì ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbìyànjú QtDragon." Ó ṣí àtòkọ àwọn ìtò àpẹẹrẹ tó bá LinuxCNC wá, ó rí qtdragon níbẹ̀ bí ẹni pé ó ti ṣe tán, ó tẹ̀ ẹ́. Skirínì ṣẹ́jú, ó pa dé. Fèrèsé kan tó kún fún ọ̀rọ̀ ló ṣẹ́ kù, ìlà tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ sì ni:

ModuleNotFoundError: No module named 'PyQt5.Qsci'

Ọmọ iṣẹ́ máa rò pé òun ti ba nǹkan jẹ́. Kò ba ohunkóhun jẹ́. Kóòdù QtDragon wà lórí kọ̀ǹpútà lóòótọ́. Ohun tí kóòdù náà fẹ̀yìn tì ni kò sí. Àtòkọ sì ti fi ohun tí kò sí hàn án bí ohun tó wà.

Láti mọ ẹni tó ni ẹ̀bi, ẹ jẹ́ ká wo bí Debian ṣe ń so package mọ́ package. Ìdè mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ohun tó bá wà lábẹ́ Depends jẹ́ dandan: bí kò bá sí, package náà kò ní wọlé. Ohun tó wà lábẹ́ Recommends á bá a wọlé, àfi bí ẹ bá ní kó má wọlé. Ohun tó wà lábẹ́ Suggests kò ní wọlé àfi tí ẹ bá dárúkọ rẹ̀. Ibi tí ẹni tó ń di package bá fi ohun kọ̀ọ̀kan sí ló ń pinnu irú òwúrọ̀ tí ọmọ iṣẹ́ yẹn yóò ní.

Bí ó bá kó ohun gbogbo sábẹ́ Depends, QtDragon kò ní kùnà láé, ṣùgbọ́n ẹni tí AXIS nìkan tó yóò san dátà lórí OpenCV, ètò ìṣiṣẹ́ àwòrán tí kò ní lò, kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà á sì kún. Bí ó bá kó o sábẹ́ Suggests, kọ̀ǹpútà á fúyẹ́, àmọ́ olúkúlùkù á máa wá orúkọ package kiri inú ìwé àlàyé, ìwé àlàyé sì sábà máa ń pẹ́ lẹ́yìn kóòdù. Recommends ló wà láàárín, ó sì dára fún ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì kò wọ́n. Fún ẹni tó ń ra dátà ní gígá-gígá, ìdè yìí gan-an ló kọ́kọ́ máa já, bí a ṣe rí i lókè yìí. Ó sì já gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìmọ èyí tó jẹ́ ti QtDragon àti èyí tó jẹ́ ti nǹkan mìíràn.

Ọ̀nà kan tún wà tí kì í ṣe èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni mo sì rò pé ó yẹ ká máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ṣe package tí kò ní nǹkan kan nínú, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó dárúkọ àwọn tí ojú ìdarí kan nílò. Ẹni tó bá fẹ́ QtDragon á pe package kan ṣoṣo, ẹni tí kò bá fẹ́ á fi í sílẹ̀. Ètò kékeré kan tó ń jẹ́ equivs wà ní Debian fún irú iṣẹ́ yìí. A ó kọ fáìlì kan báyìí:

Package: oju-qtdragon
Version: 1.0
Architecture: all
Depends: linuxcnc-uspace, python3-pyqt5, python3-pyqt5.qsci, python3-pyqt5.qtsvg, python3-pyqt5.qtopengl, python3-opencv
Suggests: python3-pyqt5.qtwebengine
Description: Ohun tí QtDragon nílò

Lẹ́yìn náà ni a ó sọ pé equivs-build oju-qtdragon, fáìlì .deb kan á sì jáde. Ẹ kíyè sí qtwebengine. Odidi ohun tó ń ṣiṣẹ́ bíi browser ló gbé sínú, nítorí orí Chromium ni wọ́n gbé e kà, ó sì wúwo. Kí ni QtVCP ń lò ó fún? Láti fi ojú ìwé ìtò iṣẹ́ han òṣìṣẹ́. Bí kò bá sí, QtVCP á kìlọ̀, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ìbéèrè tí a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyẹn: bí èyí kò bá sí, ṣé ẹ̀rọ á ṣì gé igi? Bí ó bá lè gé e, kì í ṣe dandan.

Ojúṣe kan ṣì kù tó jẹ́ ti ẹni tó kọ ojú ìdarí, package kankan kò lè bá a ṣe é. Nígbà tí nǹkan kò bá sí, kí ojú ìdarí sọ orúkọ package tó yẹ ká gbé wá. Qsci ni Python mọ̀, python3-pyqt5.qsci ni apt mọ̀. Ọmọ iṣẹ́ kò yẹ kó jẹ́ ògbufọ̀ láàárín wọn. Kí àtòkọ àpẹẹrẹ náà sì yẹ ohun tó wà wò kó tó fi orúkọ kan síta, tàbí kó sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà pé ó ku ohun báyìí.

7.5 Ọ̀rọ̀ pip

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá ìmọ̀ràn kiri yóò rí ọ̀pọ̀ tó ní kó sọ pé pip install. Lórí Debian 12, ìdáhùn tí yóò rí gbà ni externally-managed-environment. Kì í ṣe àṣìṣe kọ̀ǹpútà: Debian ti pinnu pé pip kò gbọdọ̀ da ohun tirẹ̀ pọ̀ mọ́ Python tí apt ń bójú tó. Ọgbọ́n --break-system-packages tí àwọn kan ń kọ́ni á ṣí ilẹ̀kùn náà, àmọ́ kọ̀ǹpútà tó ń darí irin tó ń yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan kì í ṣe ibi tí a ti ń dán irú rẹ̀ wò. Ẹ wá .deb.

7.6 Iná àti dátà

Ìwé tí wọ́n kọ ní ibi tí iná kì í lọ kò ní sọ̀rọ̀ lórí iná àti dátà, ọ̀rọ̀ náà sì gba ojú ìwé kan lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ méjì ni apt ń ṣe. Ó ń wa package láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ló ń tú wọn, tó ń tò wọ́n. Bí iná bá lọ nígbà tó ń wa package, kò sí ewu: ohun tó ti dé wà ní /var/cache/apt/archives, èyí tó dé ìdajì wà nínú partial lábẹ́ rẹ̀, apt á sì bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé. Bí ó bá jẹ́ ìgbà títò ni iná lọ, package á wà láàyè-kò-láàyè, apt á sì kọ̀ láti ṣe ohunkóhun títí a ó fi sọ pé:

sudo dpkg --configure -a
sudo apt --fix-broken install

Nítorí náà, ẹ ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ fi --download-only wa gbogbo rẹ̀ nígbà tí dátà òru bá wà, kí ẹ wá dúró de ìgbà tí inverter bá kún tàbí tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó tò wọ́n. Ẹ má sì tò wọ́n láéláé nígbà tí iṣẹ́ bá wà lórí tábìlì router.

Kọ̀ǹpútà ìdarí tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá ńkọ́? Fláàṣì ni. Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ tó ti dójú ti ọ̀pọ̀ ènìyàn: ẹ wa package lórí laptop yín, ẹ gbé fláàṣì dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ sì rí i pé ìdajì kò sí. Ohun tí laptop yín kò ní nìkan ni apt wá fún un. Ohun tó ti ní tẹ́lẹ̀, kò wá a. Kọ̀ǹpútà ìdarí ni kí ẹ bi. Lórí rẹ̀, ẹ sọ pé:

apt-get install -y --print-uris linuxcnc-uspace python3-pyqt5.qsci > akojo.txt

Àdírẹ́sì gbogbo ohun tó kù fún un á wà nínú akojo.txt. Ẹ gbé e lọ síbi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà, ì báà jẹ́ ọgbà Yunifásítì Èkó ní Akoka, kí ẹ wà wọ́n wálé, kí ẹ sì fi sudo apt install ./*.deb gbé wọn wọlé. Bí ó bá ti pẹ́ tí kọ̀ǹpútà ìdarí ti ṣe apt update kẹ́yìn, àwọn àdírẹ́sì kan lè ti kú. Ẹ so ó mọ́ hotspot fún ìṣẹ́jú díẹ̀ fún update nìkan, ìyẹn kì í jẹ dátà tó package fúnra rẹ̀.

7.7 Kí irin tó kan igi

Ojú tuntun ti ṣí. Ẹ kọ́kọ́ lò ó pẹ̀lú ìtò tó wà lábẹ́ sim, níbi tí kò sí mọ́tò kankan. Lẹ́yìn náà, bí parallel port ni ẹ ń lò, ẹ tún fi latency-histogram wọn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pẹ́ tó, kí ẹ sì jẹ́ kí nǹkan tó ń ya àwòrán ṣiṣẹ́ lórí skirínì nígbà tí ẹ ń wọ̀n ọ́n. Ojú tó wúwo lè mú kọ̀ǹpútà àlòkù pẹ́ ju bí AXIS ṣe ń mú un pẹ́ lọ, mọ́tò á sì pàdánù ìṣísẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀, títí lẹ́tà tó wà lórí pátákó oníbàárà yóò fi wọ́. Bọ́tìnì pàjáwìrì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti gidi, tó ń gé iná fúnra rẹ̀. Bọ́tìnì pupa orí skirínì kò tó, ojú yòówù kí ẹ yàn.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Lórí Debian tí LinuxCNC kò tíì sí, ẹ sọ pé apt -s install linuxcnc-uspace, kí ẹ sì tún un sọ pẹ̀lú --no-install-recommends. Àmì -s kò ní jẹ́ kí ohunkóhun wọlé. Nínú ohun tó wà nínú àkọ́kọ́ tí kò sí nínú èkejì, ẹ mú márùn-ún, kí ẹ fi apt show wádìí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún.

2. Ẹ fi equivs ṣe package fún ojú ìdarí tí ẹ fẹ́. Ẹ gbé e wọlé, kí ẹ tún yọ ọ́ pẹ̀lú apt autoremove. Ṣé AXIS ṣì ń ṣí lẹ́yìn náà? Bí kò bá ṣí, ìdè wo ló jẹ́ kí apt rò pé kò sí ẹni tó ń lò ó mọ́?

3. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tó ní router tàbí léésà ní Ṣómólú tàbí Bàrígà, kí ẹ gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ibẹ̀, kí ẹ sì wo òṣìṣẹ́ fún wákàtí kan. Ẹ kọ bọ́tìnì tó tẹ̀ jù àti èyí tí kò fọwọ́ kàn rárá sílẹ̀. Nínú àwọn ojú tí a dárúkọ ní 7.3, èwo ni ẹ óò gbé wá fún un, kí sì ni ẹ óò fi sábẹ́ Suggests?